Ẹni Tó Kọ Ohun Tí Kò Gbọ́

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìbáwí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Abuja, tí mi ò sì gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọ̀gá a máa yìn mí pé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo bá kọ máa ń ṣe ṣókí, pé kì í ní àsọtúnsọ. Báwo ni yóò ṣe ní àsọtúnsọ? Ohun tó wọ etí mi kò tó èyí tí ènìyàn ń tún sọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo mọ gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé alága wa, igbákejì olùdarí kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó tún jẹ́ alàgbà ìjọ, yóò gbàdúrà, yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni, yóò sì wo aago. Mo mọ̀ pé Alhaji tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ kejì yóò ní òun fara mọ́ ọ̀rọ̀ alága, yóò wá di ojú, yóò máa ronú títí ìpàdé yóò fi parí. Àwọn tí wọ́n bá sì gbé wá síwájú wa, ẹjọ́ wọn kì í yàtọ̀. Wọn a dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀, wọn a ní iṣẹ́ èṣù ni, wọn a bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo lè kọ ìparí láìgbé orí sókè. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tuntun rí nínú yàrá yẹn.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Karu là ń gbé, nínú ilé tí ògiri rẹ̀ kan ti aládùúgbò.

"Bàbá Ìbejì, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ti ń bá wa dáhùn àmín."

Mo ní àwọn tó ń ka ìròyìn lóde òní kì í la ẹnu. Kíkùn ni wọ́n ń kùn.

"Wọ́n ń kùn. Ó dáa. Ṣé fóònù yín tó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí náà ń kùn? Ṣé àwọn ìbejì ń kùn? Gbogbo ayé ló ń kùn, ẹ̀yin nìkan lẹ la etí."

Òun ló fà mí lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò ní Durumi. Obìnrin onímọ̀ etí tó gbà wá kéré sí mi lọ́jọ́ orí gan-an, èyí tí mo kà sí ẹ̀gàn àkọ́kọ́. Ó fi mí sínú àpótí kan tó ní fèrèsé onígíláàsì, ó gbé ohun ìbòtí lé mi lórí, ó sì fi bọ́tìnnì kan sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó."

Fásitì ìjọba ni mo ti jáde. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yege ìdánwò tí ènìyàn kò múra sílẹ̀ fún. Mo tẹjú mọ́ èjìká rẹ̀ láti inú gíláàsì. Bí èjìká bá ti mira, mo tẹ̀ ẹ́. Mò ń yege lọ geere. Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn, ó yọjú wọlé.

"Ọ̀gá, gègé mi ni mo fẹ́ mú. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan."

Ìyàwó mi fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Obìnrin náà yí àga mi padà kí n máa kọjú sí ògiri, a sì tún un ṣe. Mo jókòó síbẹ̀, bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, mò ń dúró kó bẹ̀rẹ̀. Ó gbóhùn wọlé lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn tó dà bí ìgbà tí màlúù ń dún lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé ó ń wá nǹkan kan ni. Mo dúró, mo dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ti parí.

Ó ya àwòrán kan fún mi, ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó wá ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ohùn ńlá ṣì ń wọlé sí mi. Ohùn tín-ín-rín ni kì í wọlé mọ́: ohùn àwọn obìnrin, ohùn ọmọdé, ohùn ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bi mí léèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wa wà nílé. Mo ní lẹ́yìn fèrèsé yàrá wa ni. Ó bi mí ibi tí mo ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Mi ò sọ fún un pé torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìjọ ti ń rí aṣọ ènìyàn dáadáa ni. Ó rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí mo fi ń họ etí bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì.

"Etí tó ti lọ kò ní padà," ó wí, ó kọjú sí mi gbọọrọ kó tó sọ ọ́. "Àmọ́ ẹ lè tọ́jú ìyókù. Ẹ lo ẹ̀rọ etí. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n máa kọjú sí yín tí wọ́n bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹnu ènìyàn lẹ ti ń kà láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ò mọ̀."

Mo dúpẹ́. Mo gba ẹ̀rọ náà nígbà tó yá, méjèèjì, mo sì tì í sínú àpótí tábìlì nílé. Ìwé àyẹ̀wò, mo fi pamọ́ sínú ọkọ̀, lábẹ́ àwọn ìwé ọkọ̀. Èmi tí mo ti ń wọ gíláàsì ojú láti fásitì, nígbà tí ojú mi kò tíì ní nǹkan kan tó ń ṣe é, nítorí pé ó mú mi jọ ọ̀mọ̀wé! Gíláàsì ń sọ fún ayé pé o ti kàwé púpọ̀. Ẹ̀rọ etí ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pariwo mọ́ ọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ mi sì ń bọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ipò yẹn ná, kí n tó di adití.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Obìnrin kan ni wọ́n gbé wá síwájú ìgbìmọ̀, akọ̀wé kékeré ní yàrá fáìlì, ọmọ Okun láti Kogi, tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Fáìlì kan tó jẹ mọ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa ti dàwátì, òun ló sì ń tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó o sí. Ẹ̀sùn yẹn wúwo: bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn yóò yọ ọ́ níṣẹ́, kò sì ní sí ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn tí yóò gbà á.

Iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lábẹ́ fèrèsé, éésì tó ń mú yàrá tutù ń hó lókè orí wa. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni: kò wo àgbà lójú. Ó doríkodò, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu díẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá máa bá àgbà sọ̀rọ̀. Gèlè rẹ̀ nìkan ni mo rí. Kò sí ẹnu tí mo lè kà. Ohun tó ń wọ etí mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó pẹ́ ju bí àwọn yòókù ṣe máa ń pẹ́ lọ, ó sì ń fi ìka ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ìyẹn ta mí lólobó. Mo wo alága. Ó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo wo Alhaji; ó ń ronú. Ọkàn mi ní, "Ní kó tún un sọ." Ojú mi tún rí ìwé ìgbéga mi. Mo tẹ orí ba, mo kọ ọ́: "Ó gbà pé fáìlì náà sọnù lọ́wọ́ òun. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Ó bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n ṣàánú òun."

"Ṣé ó tán?" alága bi í. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ń gbọ́ tirẹ̀ ketekete. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti mọ̀ pé etí mi ti di etí ìjọba pátápátá: ohùn àwọn ọ̀gá nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

Ní Ọjọ́rú, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ mi láìyí gbólóhùn kan padà. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀: kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìwé náà yóò dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ìwé àṣírí ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo yàrá fáìlì fi ti kà á kó tó tutù.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ṣí, obìnrin náà wọlé. Kò kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ ṣí ojú-ìwé kejì."

"Ta ló fún ọ ní..."

"Ẹ ṣí i ná, sà." Ó gbé ẹ̀dà kan kalẹ̀ níwájú mi. "Ta ló ní èṣù ló gbé fáìlì? Ṣé èṣù fọwọ́ sí ìwé wa ni? Kí ẹ fi ibi tó fọwọ́ sí hàn mí!"

Mo ṣí ojú-ìwé kejì.

"Mo sọ fún yín pé olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá olùdarí ló wá gba fáìlì yẹn. Mo sọ ọjọ́. Mo sọ ojú-ìwé tó fọwọ́ sí. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ránṣẹ́ lọ gbé ìwé ńlá wa wá, èyí tí ẹni tó bá gba fáìlì ń fọwọ́ sí. Mo wà lórí eékún títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ẹ sì ń kọ ọ́! Mo rí ọwọ́ yín! Inú mi dùn, mo ní ọmọ ìyá mi wà níbí, ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbínú ti gbé ojú rẹ̀ sókè, ó ti la ẹnu rẹ̀, ó sì ti fún un ní ohùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

"Ta ló ní kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ó wí. "Ọ̀gá olùdarí ni? Ẹ kàn sọ fún mi kí n mọ ẹni tí mo ṣẹ̀."

Mo fẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Nínú ilé-iṣẹ́ wa, ìkà ènìyàn ṣì níyì, wọ́n á máa kí i láti òkèèrè. Adití ni kò níyì. Mo ní kó lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, pé màá wò ó. Ó wò mí pẹ́, ó sì jáde láìdágbére.

Mo gba ọ̀dọ̀ alága lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́. Mo ní mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ, pé mo hùmọ̀ rẹ̀ ni, pé etí mi ti bàjẹ́.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àbúrò, jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. Sọ pé atẹ̀wé ló ṣì í."

Atẹ̀wé wa, ọmọbìnrin kan tí wọn kò tíì gbà síṣẹ́ tán.

"Kò ṣì í, sà. Ohun tí mo fún un ló tẹ̀."

"A ó fún un ní kúẹ̀rì lásán ni, ìwé pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Kò lè pa á. Àbí kí lo fẹ́? Wọ́n ń wo fáìlì tìrẹ lókè lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣé 'adití' lo fẹ́ kí wọ́n kà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà. Kí lẹ̀yin gbọ́ tó sọ?"

Ó wúkọ́. Ó tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Etí tirẹ̀ sàn ju tèmi lọ. "Mo gbẹ́kẹ̀ lé àkọsílẹ̀ rẹ," ó wí.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo yọ ìwé àyẹ̀wò láti abẹ́ ìwé ọkọ̀, mo gbé e fún ìyàwó mi, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé yóò pariwo. Ó lọ ṣí àpótí tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá, ó bá mi fi wọ́n sétí. Ayé ya lù mí. Fíríìjì ń kérora. Sílípáàsì ń gbá ilẹ̀ bí àtẹ́wọ́. Ohùn ara mi dà bí ẹni tó wà nínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Àwọn ìbejì ń jà lórí rìmóòtù, ọ̀kan sì sọ fún èkejì lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kó má pe Dádì, pé Dádì kì í dáhùn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́.

Ìyàwó mi rí ojú mi. "Lọ́la ńkọ́?" ó bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ mọ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí yóò bá ìròyìn ìgbìmọ̀ lọ. Láìsí ọwọ́ akọ̀wé, kò lè jáde. Ọ̀kan nínú àwọn òfin tí mo ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, alága pe ìpàdé pàjáwìrì. Kò gbàdúrà. Wọ́n pe obìnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Mo dìde. Ẹ̀rọ etí náà ń gbé ariwo éésì wọlé bí òjò lórí páànù. Gbogbo nǹkan ló ń sọ̀rọ̀ àfi ènìyàn.

"Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀," mo wí, "pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ yìí kò gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Etí mi kò gbọ́ràn dáadáa. Ohun tí mo kọ, kò sọ ọ́."

Alhaji la ojú. "Kai! Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta, Alhaji."

Obìnrin náà gbé orí sókè, ó wò mí, ó tún yára tẹ̀ ẹ́ ba. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa éésì, kí wọ́n sì ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Wọ́n pa á. Ooru Abuja wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Alága ń nu ọrùn, Alhaji kò sì rí ọ̀nà àtironú.

"Dìde," mo sọ fún un. "Má kúnlẹ̀. Má fọwọ́ bo ẹnu. Wo ojú mi kí o tó sọ̀rọ̀."

Ó wo alága.

"Ṣé kó wá máa wò wá lójú bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?" alága bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ó dìde. Ó sọ ọ́. Ojú ń tì í, ó ń fi ọwọ́ fa aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wò mí, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó tún apá kan sọ, ó sì tún un sọ. Wọ́n ránṣẹ́ lọ gbé ìwé ńlá náà wá. Ojú-ìwé tó dárúkọ ni a ṣí, ọjọ́ tó dárúkọ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ náà sì gùn gbọọrọ lórí ìlà, ó rẹwà bí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní bi òun. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n rí fáìlì lórí fèrèsé nínú ọ́fíìsì ọ̀gá olùdarí, lábẹ́ òkìtì káàdì Kérésì.

Bí wọ́n ṣe ń dìde, tí ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀, Alhaji tún jókòó.

"Akọ̀wé," ó wí, ó sì kọjú sí mi dáadáa. "Ọdún mẹ́ta. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Alága wo aago rẹ̀.

Wọ́n yọ mí ní akọ̀wé ìgbìmọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ mi ìkẹyìn, alága fẹ́ kí n kọ ọ́ pé "àléébù díẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìṣáájú". Mo kọ ọ́ pé akọ̀wé kò gbọ́, kò sì béèrè. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ìgbéga mi kò sì tíì dé. Ilé-iṣẹ́ wa wá ṣètò ọjọ́ kan láti la àwọn òṣìṣẹ́ lọ́yẹ̀ nípa ìlera etí. Wọ́n to sípíkà mẹ́fà sí àgbàlá, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn wọn, olóhùn-iyọ̀ tó ń darí ètò náà sì ń pariwo pé ká yẹra fún ariwo. Obìnrin yàrá fáìlì wá bá mi lábẹ́ igi, ó dúró níwájú mi gan-an, ó jẹ́ kí n rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúrò níbí kí ìyókù má baà lọ."

Èyí ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ láti ìgbà náà. Kò tíì dárí jì mí, mi ò sì rò pé ó jẹ mí ní ìdáríjì.

Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta yẹn. "Ó ní iṣẹ́ èṣù ni" wà nínú mọ́kànlá. Mo mọ díẹ̀ tí mo gbọ́ lóòótọ́. Èyí tó kù, mi ò mọ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti awakọ̀ kan, bàbá kan tí wọ́n ní ó gbé ọkọ̀ ìjọba lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ó ti di àgbẹ̀ ní Abaji. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo wakọ̀ lọ bá a. Ó wà lábẹ́ ibòji níwájú ilé, ó ń fi ọ̀bẹ pa ẹ̀gúsí. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá akọ̀wé! Kí lẹ tún fẹ́ kọ?"

Mo fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ọn títí eékún wa fi fẹ́ẹ̀ kanra. Mo yí orí kó lè rí ẹ̀rọ tó wà létí mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wo ojú mi, kó sì sọ fún mi ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó wo etí ọ̀tún, ó wo tòsì.

"Ṣé ẹ máa gbọ́ ọ báyìí?"

"Bí mi ò bá gbọ́," mo wí, "màá ní kí ẹ tún un sọ."